Àkọ́sórí tàbí àkàyé: Báwo ni ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ṣe kọ́ gírámà òyìnbó?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, Tunji Alausa, kéde níbi ìpàdé kan nílùú Abuja pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà tó ní kí àwọn olùkọ́ máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ìlànà ọ̀hún kò tíì pẹ́ láyé rárá. Oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i. Alausa ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ìdí tó sọ ni pé àwọn ẹkùn tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Àwọn onímọ̀ èdè kò gbà fún un, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn èèyàn ẹkùn yìí ti ń wá ọ̀nà tí wọ́n á fi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n á fi kà á, tí wọ́n á sì fi kọ ọ́.

Ẹni tó bá ti jókòó ṣe ìdánwò WAEC rí á rántí bó ṣe máa ń rí. Wọn á gbé ìwé kan síwájú yín pé kí ẹ kà á. Wọn á ní kí ẹ wá ọ̀rọ̀ míì tó lè dípò ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ láìyí ìtumọ̀ padà. Wọn á tún ní kí ẹ sọ orúkọ tí gírámà ń pe àpólà kan, àti iṣẹ́ tó ń ṣe nínú gbólóhùn.

Àwọn olùkọ́ Yorùbá ní orúkọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àkàyé ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ohun tá a kà tó sì yé wa.

Nínú ìtàn Gẹ̀ẹ́sì ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, àkàyé ní orogún kan. Àkọ́sórí lorúkọ rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìtàn yìí ni bí àwọn méjèèjì ṣe ń bára wọn jà láti ìgbà òwò ẹrú títí dòní.

Calabar: Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní tíṣà

Kí míṣọ́nnárì tó gbé bíríkì kan lé òmíràn láti kọ́ ilé ìwé ní Calabar, àwọn oníṣòwò Efik ti ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ẹnu àwọn atukọ̀ tó ń wá láti Bristol àti Liverpool ni wọ́n ti kọ́ ọ. Àwọn kan lára wọn tiẹ̀ rán ọmọ wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó lọ mọ̀wé wá.

Ọ̀rọ̀ owó ló fà á. Àwìn ni àwọn ọ̀gá ọkọ̀ máa ń ta ọjà fún àwọn oníṣòwò náà, wọn á sì fi ẹrú san án. Ẹni tí kò bá lè ka ohun tí òyìnbó kọ sínú ìwé gbèsè, ohun tí òyìnbó bá ti sọ ni yóò gbà.

Ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò wọ̀nyí, Antera Duke, kọ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ láàárín ọdún 1785 sí 1788. Ìwé náà dé Scotland, níbi tí míṣọ́nnárì kan ti ṣe àdàkọ apá kan rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ọdún 1956 ni wọ́n tẹ ẹ́ jáde fún aráyé láti kà.

Tí olùkọ́ òde òní bá fi báírò pupa wo ìwé náà, kò sí ojú ewé tí kò ní pọ́n. Ọ̀rọ̀ ìṣe kò bá àsìkò mu, sípẹ́lì sì ń lọ bó ṣe wù ú. Síbẹ̀, ó yé ni. Kùrukùru tó bo ilẹ̀ láàárọ̀ wà níbẹ̀, ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ wà níbẹ̀, ìjà tí wọ́n parí àti òkú tí wọ́n sin wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Iye ẹrú tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kó lọ náà wà níbẹ̀. Kò yẹ ká fi oyin bo ọ̀rọ̀ yìí. Ọjà tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì yẹn kà, èèyàn ni.

Àwọn méjì kan láti Calabar mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọdún 1767, ìjà bẹ́ láàárín Old Town àti New Town, tí wọ́n jẹ́ apá méjì ní Old Calabar, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbè sẹ́yìn apá kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn kú. Wọ́n mú Little Ephraim Robin John àti Ancona Robin Robin John, tí wọ́n jẹ́ mọ̀lẹ́bí alákòóso Old Town, wọ́n sì tà wọ́n lẹ́rú sí erékùṣù Dominica. Láti ibẹ̀, wọ́n dé Virginia, lẹ́yìn náà wọ́n dé Bristol.

Àwọn méjèèjì mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ. Láti inú ọkọ̀ tí wọ́n há wọn mọ́ ní èbúté Bristol, wọ́n kọ lẹ́tà sí Thomas Jones, oníṣòwò kan tó ń bá Calabar ṣòwò, pé kó gba àwọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn dé iwájú adájọ́ àgbà Lord Mansfield ní ọdún 1773, wọ́n sì gba òmìnira, wọ́n padà sílé.

Àìmọye èèyàn tí wọ́n kó gba èbúté Calabar kan náà kò mọ lẹ́tà kankan kọ, kò sì sí ẹni tí wọ́n mọ̀ ní Bristol.

Nígbà tí òwò ẹrú ń kógbá sílé, àwọn ọba Calabar tún wo Gẹ̀ẹ́sì lójú tuntun. Ní ọdún 1842, Eyamba Karùn-ún àti Eyo Honesty Kejì kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan. Wọ́n ní kí wọ́n fi àwọn tó lè kọ́ àwọn èèyàn àwọn ní ìwé ránṣẹ́, àti àwọn tó mọ̀ nípa òwú àti ṣúgà.

Ọdún 1846 ni Hope Masterton Waddell dé pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Presbyterian, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dání. Lọ́jọ́ ìsinmi, Eyo Honesty fúnra rẹ̀ máa ń dúró ṣe ògbufọ̀ ìwàásù sí èdè Efik.

Ẹ jẹ́ ká kíyè sí èyí dáadáa. Wọn ò fi ipá kọ́ àwọn ará Calabar ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn fúnra wọn ló ránṣẹ́ pe tíṣà.

Sàró: Àjàyí kọ́ gírámà méjì

Ní ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn, ní Freetown tó jẹ́ olú ìlú Sàró, Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà míì wọlé. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ. Èèyàn láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ló bára wọn níbẹ̀, tí ẹnì kan kò gbọ́ èdè ẹnì kejì.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, wọ́n gba ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kan, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Nígbà tó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ní láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà tí òun débẹ̀ ni òun ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun.

Àwa mọ̀ ọ́n sí Samuel Ajayi Crowther. Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay College, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ Gold Coast, Gambia àti Nàìjíríà máa wá kàwé níbẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ohun tí Crowther fi ẹ̀kọ́ náà ṣe ló yẹ ká wò. Ní ọdún 1843, ó gbé ìwé kan jáde tó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣàlàyé bí gbólóhùn Yorùbá ṣe ń tò. Ìwé gírámà Yorùbá tó kún jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ̀ lé e ní ọdún 1852.

Ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ ìṣe, ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ: kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ́kọ́ pàdé irú àwọn ìpín bẹ́ẹ̀. Gírámà àjèjì yé e débi tó fi rí i pé èdè ìyá òun náà ní gírámà tirẹ̀. Ẹni tó kàn há òfin sórí kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ọdún 1882: Nígbà tí wọ́n dá owó lé orí ọmọ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìjọ ló ń bójú tó ilé ìwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi èdè ìlú bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ lè tètè ka Bíbélì. Ní ọdún 1882, ìjọba amúnisìn gbé òfin ẹ̀kọ́ jáde fún Gold Coast, tó jẹ́ pé Èkó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà.

Òfin náà ní kí wọ́n kọ́ ọmọ láti ka Gẹ̀ẹ́sì, láti kọ ọ́, kí wọ́n sì kọ́ ọ ní ìṣirò. Ó fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kún ti àwọn ọmọbìnrin. Kò mẹ́nu ba èdè ìlú kankan.

Ibi tó ti wá le ni ti owó. Bí ọmọ bá ṣe yege sí níwájú aṣàbẹ̀wò ni owó ìrànwọ́ ilé ìwé ṣe máa pọ̀ tó. Aṣàbẹ̀wò kan ṣoṣo, àlùfáà Metcalfe Sunter, ni wọ́n sì yàn láti máa yẹ ilé ìwé wò ní Sàró, Gambia, Gold Coast àti Èkó.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gbé àṣà yìí wá, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1862. Kò gbé wọn níbẹ̀ náà. Matthew Arnold, akéwì tó tún jẹ́ aṣàbẹ̀wò ilé ìwé, pariwo títí pé àwọn ọmọ ń yege nínú ìdánwò ìwé kíkà láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀wé kà ní tòótọ́. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí, wọ́n ti pa àṣà ọ̀hún tì lọ́hùn-ún.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti lóye. Tíṣà mọ̀ pé aṣàbẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ kan, owó oṣù òun sì lè wà nínú rẹ̀. Ohun tó rọrùn jù ni kó mú ìwé kan, kí gbogbo kíláàsì máa ké e tẹ̀ lé òun títí tí yóò fi mọ́ wọn lẹ́nu. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ilé rẹ̀ lè ké e kí ó sì yé e díẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ Fante tàbí Ga tàbí Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé wọn ń kọ orin tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Àwọn ìwé ìròyìn kan ní Èkó figbe ta nígbà náà pé kò yẹ kí wọ́n yọ èdè ìlú kúrò nínú ẹ̀kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ìloro ilé iṣẹ́ ìjọba àti ti ilé iṣẹ́ òyìnbó ni àwọn òbí ń wò. Akọ̀wé ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn dà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà.

Kano àti Katsina: Hausa ló ṣáájú

Ní àríwá Nàìjíríà, ọ̀nà náà yàtọ̀. Lugard ti ṣèlérí fún àwọn ẹ́míà pé ìjọba òun kò ní da ẹ̀sìn wọn láàmú, ìjọba sì dín ibi tí àwọn míṣọ́nnárì lè dé kù. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kò ṣàì mọ̀wé tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń ka Lárúbáwá, wọ́n sì ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Hausa, èyí tí wọ́n ń pè ní ájámì.

Ní ọdún 1909, Hans Vischer, ọmọ bíbí Switzerland, bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ìjọba ní Nasarawa ní Kano. Hausa tí wọ́n fi lẹ́tà òyìnbó kọ, tí wọ́n ń pè ní boko, ni ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ọdún 1922, wọ́n ṣí Katsina College láti kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn níbẹ̀. Ahmadu Bello kàwé níbẹ̀. Ọmọ Bauchi kan tó ń jẹ́ Abubakar Tafawa Balewa náà kàwé níbẹ̀.

Balewa ti fi Hausa kọ ìwé ìtàn kan, Shaihu Umar, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nídìí òṣèlú. Nígbà tó di olórí ìjọba Nàìjíríà, bó ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì mú kí wọ́n máa pè é ní Ohùn Wúrà Áfíríkà. Hausa tó kọ́kọ́ fi kàwé kò dí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n apá kejì ìtàn náà wà níbẹ̀. Àwọn tó rí irú ẹ̀kọ́ tí Balewa rí kò pọ̀. Nígbà tí òmìnira ń sún mọ́lé, ilé ìwé kò tó nǹkan lárìíwá. Àwọn tó lè ka Gẹ̀ẹ́sì dé ibi tí iṣẹ́ ìjọba ń fẹ́ kò tó, àwọn ará gúúsù àti òyìnbó ló sì kún ọ́fíìsì. Ìbínú tí èyí dá sílẹ̀ wà lára ohun tó ba àárín ẹkùn àti ẹkùn jẹ́.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní èdè abínibí ló fa àwọn ọmọ ẹkùn kan sẹ́yìn, ó yẹ ká bi í léèrè: ilé ìwé mélòó ló wà níbẹ̀? Olùkọ́ mélòó? Ìwé mélòó ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan?

Umuahia: Ọṣẹ, ìyà àti ìwé ìtàn

Ní ìlà oòrùn, àwọn òyìnbó gbìyànjú ohun méjì nínú ilé ìwé kan ṣoṣo. Ọ̀kan ṣeni láàánú, èkejì sì so èso.

Ní ọdún 1944, Chinua Achebe wọ Government College, Umuahia. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ti oríṣiríṣi ẹ̀yà wá, òfin sì ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fìyà jẹ Achebe níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó fi Igbo ní kí ọmọ kan na ọṣẹ sí òun.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó kàwé láìpẹ́ yìí mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Nílé ìwé tèmi, ọ̀gá kíláàsì máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá sọ Yorùbá sínú bébà kan, a sì ń sanwó ìtanràn lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tí mo rántí kọ́ nínú rẹ̀ ni bí mo ṣe lè dákẹ́.

Ṣùgbọ́n William Simpson, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní Umuahia nígbà náà, tún ṣe òfin kan tí Achebe yìn títí dọjọ́ ogbó. Láwọn ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀, ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ ṣí ìwé kíláàsì. Kí wọ́n lọ sí yàrá ìkàwé, kí wọ́n mú ìwé ìtàn tó bá wù wọ́n, kí wọ́n kà á.

Kò sí ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí máàkì. Àwọn ọmọ tó gba abẹ́ òfin yẹn kọjá ni Achebe, Christopher Okigbo, Chukwuemeka Ike àti Elechi Amadi. Tí a bá ń wá ibi tí àkàyé ti borí àkọ́sórí nínú ìtàn Nàìjíríà, yàrá ìkàwé yẹn wà lára rẹ̀.

Onitsha: Gírámà fún ọjà

Ẹni tí kò rí ilé ìwé bíi ti Umuahia wọ̀ náà fẹ́ mọ Gẹ̀ẹ́sì. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1940 lọ títí ogun abẹ́lé fi bẹ̀rẹ̀, àwọn òǹtẹ̀wé ní ọjà Onitsha ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Oníṣòwò, awakọ̀, ọmọ iṣẹ́ àti ọmọ ilé ìwé ló ń rà á.

Àwọn kan jẹ́ ìtàn ìfẹ́. Àwọn kan ń kọ́ni bí èèyàn ṣe ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ibi iṣẹ́, sí oníbàárà, tàbí sí ọmọbìnrin tó wuni. Ẹni tó ti wá ọ̀rọ̀ tó máa fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tì mọ iye tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó.

Lára èyí tó tà jù ni Veronica My Daughter tí Ogali A. Ogali kọ ní ọdún 1956. Nínú rẹ̀ ni Bomber Billy wà, ẹni tó máa ń da gírámà ràbàtà lé èèyàn lórí débi tí olùgbọ́ kò ní mọ ohun tó sọ. Àwọn òǹkàwé rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wọn.

Wọ́n mọ̀ ọ́n nídìí òṣèlú náà. K. O. Mbadiwe, ọmọ Arondizuogu, sọ gbólóhùn ńláńlá di ohun ìjà, àwọn èèyàn sì ń lọ síbi ìpàdé rẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ èyí tó tún máa sọ.

Ibi yìí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Tí ọmọ Nàìjíríà bá ní ẹnì kan "ń fọ́ gírámà", kì í ṣe pé gbólóhùn onítọ̀hún tọ́ ló ń sọ. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ga ju orí àwọn tó ń gbọ́ lọ.

WAEC àti ìyá àgbà gírámà

Fún ìgbà pípẹ́, Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣètò ìdánwò ìwé mẹ́wàá fún ẹkùn yìí. Ní ọdún 1952, ìjọba Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gambia dá àjọ WAEC sílẹ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Accra. Liberia dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1974.

Láti ìgbà náà, Gẹ̀ẹ́sì di ẹnubodè tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ọmọ lè mọ ìṣirò bí idán, kó mọ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì délẹ̀, síbẹ̀ tí kò bá rí kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò ní rọrùn fún un láti wọ yunifásítì.

Ẹni tó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ láti la ẹnubodè yẹn kọjá ni obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé wa, àmọ́ tí a kò bìkítà láti mọ̀. Phebean Ogundipe ni. Ìdílé Itayemi ní Ẹ̀sà-Òkè ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1927. Ó lọ sí Queen's College ní Èkó, lẹ́yìn náà ó lọ sí yunifásítì St Andrews ní Scotland.

Ní ọdún 1946, kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ìtàn kúkúrú rẹ̀, Nothing So Sweet, gba ẹ̀bùn nínú ìdíje tí British Council ṣe. Ìyẹn sọ ọ́ di ọ̀kan lára àwọn obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ìtàn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ jáde nínú ìwé.

Ó di olùkọ́, ó sì di òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Òun àti P. S. Tregidgo ló jọ kọ Practical English. Orúkọ rẹ̀ tún wà lára ẹ̀yìn Brighter Grammar pẹ̀lú ti C. E. Eckersley àti Margaret Macaulay. Àlàyé kúkúrú, àpẹẹrẹ, lẹ́yìn náà ìdánrawò: ẹ dí àlàfo yìí, ẹ yí gbólóhùn yìí padà.

Ó kú ní ọdún 2020. Àìmọye ọmọ ilé ìwé láti Sokoto dé Port Harcourt ló ti dí àlàfo tó fi sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀.

Modakẹ́kẹ́ àti Rivers: Ìdánwò tí wọ́n fi ìlànà ṣe

Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ pinnu láti fi ojú rí ohun tí àwọn èèyàn ti ń fi ẹnu jà lé lórí. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's ní Modakẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan tó ní olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú.

Àwọn ọmọ míì tẹ̀ lé ìlànà àtẹ̀yìnwá, ìyẹn Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì.

Àbájáde rẹ̀ ya àwọn kan lẹ́nu. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́fà kò kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ kankan. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Àwọn kan máa ń ní Yorùbá tóbi ni ó fi ṣeé ṣe, pé èdè kéékèèké kò lè ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, ní ìpínlẹ̀ Rivers, onímọ̀ èdè Kay Williamson àti àwọn olùkọ́ ìbílẹ̀ ń ṣe ìwé kíkà jáde ní èdè tó lé ní mẹ́wàá, tí àwọn kan nínú wọn kò ní ìwé kankan tẹ́lẹ̀.

Fafunwa di mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ ní ọdún 1990. Ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà tó jáde ní ọdún 1977 náà ti ní kí wọ́n fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀. Inú ìwé ni ọ̀rọ̀ náà pọ̀ sí ju inú kíláàsì lọ. Wọn ò tẹ ìwé tó, wọn ò sì kọ́ olùkọ́ tó.

Kí ni ìtàn yìí ń sọ fún wa?

Kò sí ẹni tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà nínú ìtàn yìí. Àwọn ọba Calabar fẹ́ ẹ, Crowther fẹ́ ẹ, ọmọ iṣẹ́ ní ọjà Onitsha náà fẹ́ ẹ. Àwọn òbí tó ń tọrọ owó ilé ìwé lónìí fẹ́ ẹ pẹ̀lú, wọn ò sì ṣe àṣìṣe. Láìsí Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn tó máa ti mọ́ ọmọ wọn lójú pọ̀.

Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí láti ọdún 1882 ni ọ̀nà tí ọmọ fi máa dé ibẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá so Gẹ̀ẹ́sì mọ́ owó, ìyà tàbí máàkì nìkan, àkọ́sórí ló ń bí. Ìgbà tí ọmọ bá rí ìwé tó wù ú kà, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n, àti èdè ilé tó lè fi bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, àkàyé ló ń bí. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nígbà tí àsìkò ìdánwò bá dé, àwọn ọmọ Nàìjíríà, Ghana, Sàró, Gambia àti Liberia máa tún jókòó síwájú ìwé ìdánwò. Wọn á ka ìpínrọ̀ kan, wọn á wá ọ̀rọ̀ tó lè dípò ọ̀rọ̀ míì. Àwọn kan máa mọ ìdáhùn nítorí pé wọ́n ti há a sórí láti inú ìbéèrè àtijọ́. Àwọn kan máa mọ̀ ọ́n nítorí pé ohun tí wọ́n kà yé wọn.

Máàkì lè dọ́gba lọ́jọ́ yẹn. Ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti máa hàn ni ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé ìwé àdéhùn iṣẹ́, ìwé ilé tàbí ìwé oògùn síwájú wọn, tó ní kí wọ́n kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.